Àwọn Ọlọ́pàá Ilẹ̀ Yìnyín Nínú Pálọ̀ Wa

Bàbá mi dé sọ́dọ̀ wa ní Kettering, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún tó tẹ̀lé èyí tí màmá mi kú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Ìbàdàn ló pè mí, tó ní kí n jẹ́ kí Bàbá wá sinmi lọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Ilé ti dákẹ́ jù fún wọn níbí. Wọ́n á kàn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀. Bí èèyàn bá kí wọn, wọ́n á dáhùn, ó parí náà nìyẹn." Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì rò pé mo mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Mo rò pé bí wọ́n bá ti dé, tí wọ́n rí àwọn ọmọ ọmọ wọn, tí wọ́n sì ń jẹun lásìkò, ara wọn á yá.

Ara wọn ò yá bí mo ṣe rò. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni Bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá ibùdókọ̀ ni wọ́n, ní àwọn ìlú kéékèèké tí ọkọ̀ ojú irin ti máa ń dúró gba èrò. Láti ilẹ̀ wá, wọn kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Màmá ló máa ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì. Bí àlejò bá bi Bàbá léèrè nǹkan, Màmá á dáhùn, Bàbá á sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí Màmá wá lọ, kò sẹ́ni tó kù láti dáhùn mọ́. Ní Kettering, wọ́n á jí, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á wọ ẹ̀wù òtútù tí ọkọ mi rà fún wọn, wọ́n á wá jókòó sídìí fèrèsé láti máa wo àwọn ilé òdìkejì títì, tí gbogbo wọn jọra bí ìbejì. Gáréèjì á ṣí, mọ́tò á jáde, gáréèjì á tún tì. Kò sí ẹlẹ́sẹ̀ kankan tó ń kọjá.

Lọ́jọ́ kan wọ́n bi mí pé, "Ṣé àwọn èèyàn wà nínú àwọn ilé yìí?"

Mo ní wọ́n wà.

Wọ́n ní, "Ó dáa."

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń wà nílé dáadáa. Láàárín ọ̀sẹ̀, láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú ni mo máa ń wà nílé ìwòsàn, bí mo bá sì délé, ẹsẹ̀ mi á ti wú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú, a ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wa, a ó padà wá jẹ ráìsì, ọkọ mi á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí bésímẹ́ńtì, yàrá abẹ́ ilé wa, láti wo bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà tó ti di ẹ̀sìn kejì fún un, àwọn ọmọ á sì gun òkè lọ sí yàrá wọn. Èmi àti Bàbá nìkan la máa ń kù sí pálọ̀. Tẹlifísàn wa nígbà náà ṣì jẹ́ irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, tó jẹ́ pé ọkùnrin méjì ló ń gbé e.

Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú òtútù, mo ń wá ètò ìwàásù kan ni mo ṣèèṣì dé orí ìkànnì kan tí n kò wò rí. Yìnyín ló kún ojú tẹlifísàn fọ́fọ́. Pápá gbalasa, igi dúdú mélòó kan, adágún omi tó ti dì gbagidi. Obìnrin kan tó wọ ẹ̀wù òtútù ń rìn bọ̀. Kò sáré, kò sọ̀rọ̀, orin kankan ò sì dún lẹ́yìn rẹ̀. Bí yìnyín ṣe ń ró lábẹ́ bàtà rẹ̀ nìkan là ń gbọ́. Mo fẹ́ yí i kúrò.

Bàbá ní, "Fi í sílẹ̀."

"Bàbá, ti àwọn òyìnbó ilẹ̀ òkèèrè nìyí o. Wọn kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì."

"Mo ní kí o fi í sílẹ̀. Jẹ́ ká wo ibi tó ń lọ."

Ibi tó ń lọ ni etí adágún omi náà, níbi tí òkú ọkùnrin kan wà. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni obìnrin náà. Ó lóṣòó ti òkú náà, ó sì wò ó títí, bí ìgbà tí èèyàn ń wo ọmọ tó ń sùn. Kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Bàbá fa àga wọn súnmọ́ tẹlifísàn. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé Amẹ́ríkà, ohun àkọ́kọ́ tí mo rí tí wọ́n súnmọ́ fúnra wọn nìyẹn.

Bàbá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, wọ́n sì lè kà á, ṣùgbọ́n ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán náà kéré, kì í sì í dúró de èèyàn. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè fún wọn. N kò tíì kà á jìnnà tí wọ́n fi gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró.

"Èdè wo gan-an làwọn èèyàn yìí ń sọ?"

"Èdè Swídìn ni, sà."

"Ẹnìkan ló wá tú u sí Gẹ̀ẹ́sì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló dé tí àwa náà ò lè tú u? Yorùbá ni kí o fi sọ ọ́ fún mi."

Bí mo ṣe di ògbufọ̀ nìyẹn.

Mo rò pé ó máa rọrùn. Àṣé Yorùbá ẹnu mi ti rí bí aṣọ tí wọ́n fi oríṣiríṣi àkísà lẹ̀. Láàárín àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́, a ó ní a fẹ́ lọ pííkì àwọn ọmọ, a ó ní ọ̀gá ti ṣéńjì sikẹ́jù wa, kò sì sẹ́ni tó ń bi wá léèrè. Bàbá ń béèrè. Bí mo bá ní àwọn ọlọ́pàá fẹ́ lọ tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n á ní, "Yẹ̀ ẹ́ wò." Èmi náà á ní, "Wọ́n fẹ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò." Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí àwọn ọ̀rọ̀ tí mo ti gbàgbé pé mo mọ̀: afurasí, ẹlẹ́rìí, ìfìyà-jẹni, àtamọ́ àtamọ̀. Nígbà mìíràn, mo máa ń ka Gẹ̀ẹ́sì tó wà nísàlẹ̀, màá sì máa wá ọ̀rọ̀. Bàbá ò ní dá sí i. Nígbà tí mo bá rí i, wọ́n á ní, "Ẹn-ẹ́n."

Ibi tó ti wá le ni ibi ọ̀wọ̀. Ọlọ́pàá kékeré kan, tí irùngbọ̀n ò tíì kún lójú rẹ̀, wọlé tọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ obìnrin náà, ó sì la orúkọ mọ́ ọn lórí gbàgà. Mo tú u bó ṣe sọ ọ́. Bàbá yíjú sí mi.

"Ṣé ọ̀gá rẹ̀ kọ́ nìyẹn ni?"

"Ọ̀gá rẹ̀ ni, sà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún nìyẹn."

"Lọ́hùn-ún nìyẹn. Nínú pálọ̀ yìí, kó kí i bó ṣe yẹ."

Láti ọjọ́ náà, ọlọ́pàá kékeré yẹn ò gbé ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Bí ẹnikẹ́ni bá yọjú, mo gbọ́dọ̀ tètè wo ojú àti ọrùn rẹ̀ láti mọ̀ bóyá "ẹ" ni kí wọ́n fi bá a sọ̀rọ̀ tàbí "o." Ojú òyìnbó sì máa ń tan èèyàn jẹ. Ọkùnrin kan wà tí mo ti ń fi "o" bá sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àṣé bàbá ìyàwó ọ̀gá ọlọ́pàá ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn jáde, Bàbá ní kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Mo kúnlẹ̀ síwájú tẹlifísàn, mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ìhà wọn mú, ọkọ mi sì gbóhùn sókè láti bésímẹ́ńtì pé ṣé kò sí nǹkan o.

A tún jiyàn lórí afurasí. Ṣé ó yẹ kí ọlọ́pàá máa fi "ẹ" bá afurasí tó jù ú lọ sọ̀rọ̀? Èmi ní kò yẹ. Bàbá ní, "Kò tíì jẹ̀bi. Àgbàlagbà ni. Jẹ́ kó gbádùn 'ẹ' rẹ̀." Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin náà jẹ́wọ́ nígbẹ̀yìn pé òun lòun ti àbúrò òun sómi nítorí ilẹ̀ bàbá wọn, Bàbá na ìka sí tẹlifísàn. "Ó tó. Gba 'ẹ' yẹn lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo máa ń ronú nípa ohun tí a rí nínú àwọn eré yẹn. A ní eré ọlọ́pàá ti Amẹ́ríkà, lórí ìkànnì gbogbo. Ìbọn á máa ró, mọ́tò á máa lé mọ́tò, wọ́n á mú ọ̀daràn kí ráìsì tó jiná. Bàbá ò lè jókòó tì í. Ìròyìn ìrọ̀lẹ́ tún burú jù ú lọ. Olóòtú á ní wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan lágbègbè wa, kò ní mí, ojú ọjọ́ lọ́la ló máa kàn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Bàbá gbọ́ irú rẹ̀, wọ́n bi tẹlifísàn náà pé, "Ọmọ ta ni?" Wọ́n dúró bí ẹni pé ó máa dáhùn.

Nínú eré àwọn ará Swídìn, gbogbo èèyàn ló ń béèrè ọmọ ta ni. Ẹnìkan ṣoṣo á kú, ìlú kan á sì dúró lórí ikú rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ yìí wọ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn ọlọ́pàá á lọ bá tíṣà tó kọ́ ọ ní kékeré, wọ́n á lọ bá ẹni tó ń ta búrẹ́dì fún un. Wọ́n á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí àwa náà ṣe ń bọ́ ọ, wọ́n á jókòó sí kíṣìnnì, wọ́n á gbé kọfí dúdú lé wọn lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n ń bi léèrè á wo fèrèsé kó tó dáhùn. Bàbá fẹ́ràn ibi tí wọ́n ti ń wo fèrèsé yẹn. Nígbà tó yá, Bàbá náà ní kí n po kọfí fún àwọn, kí n má fi mílíìkì sí i, kí n má fi ṣúgà sí i. Wọ́n tọ́ ọ wò, ojú wọn sì fún pọ̀.

"Ó korò," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n ó bá ọ̀ràn náà mu."

Yìnyín wá ń bọ́ níta gẹ́lẹ́ bó ṣe ń bọ́ nínú tẹlifísàn. Kettering funfun, Swídìn funfun. Èmi àti bàbá mi wà láàárín méjèèjì pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí ẹsẹ̀, à ń fi Yorùbá wá apànìyàn.

Nígbà tí òtútù ti ń lọ sópin ni wọ́n gbé ìtàn kan jáde, nípa ọmọbìnrin kan tí wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú igbó. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọkùnrin kan tó ti dàgbà ló lọ sílé ìyá ọmọ náà. Ó tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Ìyá náà ṣílẹ̀kùn, ó ṣì mú aṣọ ìnuwọ́ dání. Orí ìdúró ni ọlọ́pàá náà ti sọ ọ́, mo sì tú u bó ṣe sọ ọ́ gan-an: "Ọmọ yín ti kú."

Bàbá dìde nílẹ̀.

"Rárá. Rárá o. Kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, sà."

"Lẹ́nu ọ̀nà? Obìnrin náà ò tíì jókòó? Kò bi í bóyá ó ti jẹun? Bí wọ́n ṣe ń túfọ̀ nìyẹn?"

Wọ́n rìn dé ìdí fèrèsé, wọ́n padà. Lórí tẹlifísàn, ọlọ́pàá náà ti wọlé. Ó fa àga kan jáde fún ìyá ọmọ náà nínú kíṣìnnì, òun náà sì jókòó síwájú rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan mọ́. Ìyá náà ń sunkún, ọkùnrin náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó pẹ́ gan-an, débi pé mo rò pé ẹ̀rọ wa ló ti bàjẹ́.

Bàbá jókòó padà. Wọn ò wò mí. Wọ́n ní, "Ìwọ náà ńkọ́? Báwo ni wọ́n ṣe sọ ti màmá rẹ fún ọ?"

Láti ìgbà tí Màmá ti kú, n kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àyàfi ọkọ mi. Mo sọ fún wọn. Mo sọ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Largo, mo ti rìn dé ibi tí mo gbé mọ́tò mi sí, mo ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì ni fóònù dún. Ìbátan wa kan ní Èkó ni. Ó rò pé mo ti gbọ́. Ó kàn ní, "Ẹ kú àrafẹ́rakù o."

"Mo ní, 'Ta ni?' Mo tún ní, 'Ta ni?' Ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé, 'Ye, mo gbé, ṣé wọn ò tíì sọ fún ẹ ni?' Mo sì ti mọ̀, nítorí pé àárẹ̀ Màmá là ń bá yí láti ọjọ́ pípẹ́ wá."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo wakọ̀ wálé. Mo se ẹ̀wà fún àwọn ọmọ."

Bàbá di apá àga mú.

"Èmi ló yẹ kí n pè ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ pè, mo ní kó fi sílẹ̀, pé èmi ni màá fi ẹnu ara mi sọ fún ọmọ mi. Mo gbé fóònù dání láti àárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ń wá bí màá ṣe gbé e kalẹ̀. Ìgbà tí mo wá fẹ́ tẹ nọ́ńbà rẹ, mo yíjú padà pé kí n bi màmá rẹ bí òun á ṣe sọ ọ́ bó bá jẹ́ òun."

Wọ́n ń fọwọ́ pa apá àga náà.

"Mo yíjú padà lóòótọ́. Mo ti la ẹnu."

A jókòó síbẹ̀. Tẹlifísàn ń sọ Swídìn lọ, n kò sì tú nǹkan kan mọ́. A ò mọ ẹni tó ni mọ́tò pupa tí wọ́n rí lẹ́bàá igbó náà títí dòní.

Ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, ní àárọ̀ Sátidé kan, fóònù wa dún. Láti Ọ̀yọ́ ni. Obìnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, nọ́ọ̀sì bíi tèmi, tí à ń pè ní Àǹtí nítorí pé ó jù wá lọ díẹ̀. Òun nìkan ló ń gbé nínú ilé rẹ̀ ní Hillcrest Heights. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló pè mí. Màmá wọn ti dágbére fáyé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa sọ fún wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta."

Ọkọ mi ní ká pe pásítọ̀. Mo ti gbé fóònù nígbà tí Bàbá jáde láti yàrá wọn, wọ́n ti gbọ́ ohun tí à ń sọ, wọ́n sì ti dé fìlà.

"Ta lẹ fẹ́ pè? Wá gbé mi lọ."

N kò rò pé wọ́n mọ obìnrin náà ju kí wọ́n kí ara wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Nínú mọ́tò, wọ́n bi mí bóyá ó ní ìjókòó nítòsí ẹnu ọ̀nà. Mo ní ó ní. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn sọ̀rọ̀.

Àǹtí fi ìdùnnú ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀. "Ha, Bàbá! Ẹ̀yin lẹ dìde wá kí mi?" Bàbá súre fún un, wọ́n bọ́ bàtà wọn, wọ́n sì jókòó. Wọ́n ní kó fún àwọn lómi. Ó gbé omi wá, wọ́n mu díẹ̀, wọ́n ní kí òun náà mu. Wọ́n bi í bóyá ó ti jẹun.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ jẹ ni, sà. Búrẹ́dì àti ẹyin."

"Gbé e wá jẹ níbí. Inú mi á dùn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e wá, ó ń jẹ ẹ́ lójú wa. Èmi ò lè wò ó. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í nípa Ọ̀yọ́, wọ́n ní àwọn ti ṣiṣẹ́ nítòsí ibẹ̀ rí. Láti ibẹ̀, wọ́n bọ́ sórí màmá rẹ̀. Kí ni iṣẹ́ tí màmá ṣe? Irú ọbẹ̀ wo ni wọ́n mọ̀ ọ́n sè jù? Ṣé wọ́n máa ń bínú? Àǹtí ń sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ní ẹnu màmá òun mú, ó ní wọ́n lé ọkọ tó kọ́kọ́ wá fẹ́ òun lọ nítorí pé kò kí àwọn dáadáa, ó ní wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá àwọn gbálẹ̀ yàrá. Ó sọ̀rọ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, tó wo èmi, tó tún wo Bàbá.

"Bàbá, ẹ ò mọ màmá mi."

"N kò mọ̀ wọ́n, ọmọ mi."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ń béèrè wọn?"

Bàbá fa àga wọn súnmọ́ ọn. "Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ fi wọ́n hàn mí bí wọ́n ṣe wà láyé. Màmá rẹ ti lọ sinmi."

N kò ní lè kọ igbe tó ké. Ó ti orí àga ṣubú sílẹ̀, mo lọ dì í mú, mo sì la ẹnu láti sọ ohun tí gbogbo wa máa ń sọ: ó tó, ẹ má sunkún mọ́, ẹ gba f'Ọ́lọ́run. Bàbá mirí sí mi pé rárá. Mo pa ẹnu dé. Bàbá náà sọ̀ kalẹ̀ látorí àga, wọ́n jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, bí ẹsẹ̀ wọn ṣe ń dùn wọ́n tó, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ó sunkún títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀ títí ó fi tún sunkún. Nígbà tí àwọn ìyá ìjọ dé, tí wọ́n gbé orin, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà, Bàbá ní kí n fa àwọn dìde, ká máa lọ.

Nínú mọ́tò, mo bi wọ́n pé, "Ta ló kọ́ yín bẹ́ẹ̀, sà?"

"Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bàbá mi ló kọ́ mi. Kéèyàn jókòó, kó mumi, kó fi nǹkan sí inú. Ìyókù, àwọn ọlọ́pàá rẹ ni."

"Ẹ̀yin lẹ ní wọn ò mọ̀ ọ́n túfọ̀."

"Wọn ò mọ̀ ọ́n sọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sọ ọ́ tán, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń dúró ti èèyàn. Ọkùnrin yẹn jókòó sí kíṣìnnì, kò ní kí obìnrin náà dákẹ́." Wọ́n yọ fìlà wọn, wọ́n gbé e lé orúnkún. "Nígbà tí màmá rẹ lọ, bí èèyàn bá ti ń wọlé báyìí, 'Ẹ dákẹ́, Bàbá. Ẹ dákẹ́.' Gbogbo wọn. Mo ní, kí ni mo ń dákẹ́ lé lórí? N kò tíì sọ̀rọ̀."

Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbà wọ́n. Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i. Títí mo fi dàgbà, n kò rí bàbá mi kí wọ́n sunkún rí. Mo wo ọ̀nà. N kò ní kí wọ́n dákẹ́. Nígbà tí a dé ibi tó yẹ kí n yà sí láti lọ sí Kettering, n kò yà, mo ń wakọ̀ lọ. A yí Largo po, a kọjá níwájú àwọn ọ́fíìsì tí wọ́n ti tì nítorí ọjọ́ Sátidé, a tún gba ọ̀nà Upper Marlboro lọ, a padà. Nígbà tí wọ́n nu ojú wọn tán, wọ́n bi mí bóyá epo ọkọ̀ wa á gbé wa délé.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wọ́n á rìn yí àdúgbò ká, wọ́n á kí àwọn aládùúgbò wa pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì rélùwéè wọn, àwọn ìyẹn náà sì ń juwọ́ sí wọn. Àǹtí máa ń wá jẹ ráìsì lọ́dọ̀ wa ní ọjọ́ Àìkú, òun náà á jókòó wo eré náà. Kò fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ní òkú ti pọ̀ jù níbi iṣẹ́ òun, ṣùgbọ́n ó máa ń wá. Nígbà tí oòrùn mú gan-an, Bàbá ní àwọn ń lọ sílé. Wọ́n ní ó tó àkókò kí àwọn lọ ṣí fèrèsé yàrá Màmá kí atẹ́gùn fẹ́ sí i.

Ìtàn kan wà tí wọn ò wò tán kí wọ́n tó lọ, ti ọkùnrin ẹlẹ́ja kan tí wọ́n fura sí. Mo wo apá kejì rẹ̀, mo sì máa ń sọ ọ́ fún wọn lórí fóònù díẹ̀díẹ̀ bí káàdì ìpè mi bá ṣe pọ̀ tó. N kò mọ̀ pé wọ́n ń sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè máa ń pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Ìbàdàn. Ní Sátidé kan tí mo pè, ohùn tó gbà mí kì í ṣe ti Bàbá.

"Ọmọ mi, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ ni. Jọ̀ọ́, ẹlẹ́ja yẹn, ṣé òun ló pa á?"

"Ẹ káàsán, sà. Wọn ò tíì mọ̀, sà. Bàbá ò sọ fún yín ni?"

"Bàbá rẹ ní ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́rin ni ẹlẹ́ja náà wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pa obìnrin náà. A ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ aago mẹ́rin kò dúró ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀."

Kò sí ọkọ̀ ojú irin kankan nínú ìtàn náà. Mo gbọ́ tí Bàbá ń gbèjà ara wọn lẹ́yìn, tí àwọn yòókù ń pariwo lé wọn lórí. Mo ní, "Bí Bàbá bá sọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni, sà."

Bàbá lo ọdún mélòó kan sí i, ọdún tó dáa, kí àwọn náà tó lọ bá Màmá. A ti kó kúrò ní Kettering. Irú eré bẹ́ẹ̀ ti wá pọ̀ báyìí, ti Swídìn, ti Dẹ́nmáàkì, ti Nọ́wè, kò sígbà téèyàn fẹ́ wò wọ́n tí kò ní rí wọn lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń sọ pé báwo ni obìnrin Ìbàdàn ṣe ń wo nǹkan tó tutù báyìí. Ọkọ mi náà ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ wá jókòó tì mí. Òun ń ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń yára kà á, á ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó mọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, òjò ń rọ̀, a wo ọ̀kan tí ìyá kan ń wá ọmọ rẹ̀ ní etíkun. Kò tíì dé ìdajì tí ọkọ mi ti ń hanrun. Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, mo dín ohùn eré náà kù, mo sì ń wò ó lọ.